Fàráńdà Tí A Fi Ojú Ìjókòó Yà

Alágídí ni gbogbo ilé ń pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, òun náà sì ń jẹ́ ẹ bí ẹni tó joyè. Ilé ló máa ń yà sórí kọ̀ǹpútà fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé. Bó o bá sọ fún un pé nǹkan kan kò ṣeé ṣe, o ti fún un níṣẹ́ ṣe nìyẹn. Èmi àbúrò rẹ̀ mọ ohun tí mò ń sọ. Ó pẹ́ tí mo ti ń bá a jiyàn, mi ò sì borí rí.

Bíríkìlà ni bàbá wa. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ilé tí à ń gbé. Láti kékeré ni Alágídí ti ń tẹ̀ lé e lọ síbi iṣẹ́, ibẹ̀ ló sì ti rí i pé Bàbá kì í yin iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá mú un wọ ààfin, ibi tí ògiri ti sán ni yóò kọ́kọ́ wá. Àìsàn wá mú un lẹ́sẹ̀. Orí àga oníkẹ̀kẹ́ ló ń jókòó sí nínú yàrá ẹ̀yìn, níbi tí kò ti rí nǹkan kan ju ògiri ilé kejì lọ. Ẹni tó ti ń kí gbogbo àdúgbò tẹ́lẹ̀ wá ń dákẹ́ sí i lójoojúmọ́, ẹ̀rù sì ń bà wá.

“Ẹ bá mi ṣe fàráńdà síwájú ilé,” ló sọ láàárọ̀ ọjọ́ kan. “Mo fẹ́ máa rí èèyàn.”

Alágídí jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ó ya fọ́tò òpópónà, ó fi sẹ́yìn àwòrán kó lè dà bíi pé ilé ọ̀hún wà lójú pópó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà yẹn náà lágídí tirẹ̀. Lójú rẹ̀, gbogbo ògiri gbọ́dọ̀ kan àjà. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá gé ògiri iwájú kúrú, bíìmù, ìyẹn igi ńlá tó yẹ kó gbé òrùlé, á bá ògiri lọ, òrùlé á sì dá dúró lójú òfuurufú. Ó pa á rẹ́, ó tún un yà. Nígbà tó yá, ó ya bíìmù lọ́tọ̀, ó gbé e ka òpó méjì, ó wá fi ògiri tó dé àyà èèyàn sísàlẹ̀. Òrùlé jókòó. Ó hó yèè bí ọmọdé.

Gbogbo wa yìn ín. Káfíńtà tó fẹ́ bá wa kàn án ní òun ń lọ ra igi lọ́jọ́ kejì. A gbé kọ̀ǹpútà lọ fún Bàbá kó wo àwòrán náà.

“Ó dáa,” ni Bàbá wí. “Ó dáa gan-an ni. Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi.” Ó sì yíjú sí ògiri.

Inú mi dùn ní tèmi, ṣùgbọ́n ojú Alágídí ti fà ro.

“Bàbá yìn ín,” ló sọ nígbà tí a jáde.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ìyẹn náà ti di ẹ̀ṣẹ̀ ni?”

“Ìgbà wo lo gbọ́ tó yin iṣẹ́ rí? Nǹkan kan wà tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Kò kàn fẹ́ yọ wá lẹ́nu ni.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Bàbá tó ń bẹ̀rù àtiyọ ọmọ rẹ̀ lẹ́nu, kí ló tún kù?

Nígbà tí Bàbá sùn lọ́sàn-án, Alágídí ti àga oníkẹ̀kẹ́ Bàbá lófìfo síwájú ilé, òun fúnra rẹ̀ jókòó sí i, ó gbé kọ̀ǹpútà lé itan. Ibẹ̀ ló ti rí i. Ojú ẹni tó dúró ni kọ̀ǹpútà fi ń wo ilé. Ó wá ibi tí wọ́n ti ń rẹ ojú ọ̀hún sílẹ̀, ó mú un wá sí ibi tí ojú ẹni tó jókòó wà. Òpópónà pòórá. Ògiri ló kù, àti páànù ilé ọ̀ọ́kán lábẹ́ bíìmù.

“Àṣé ẹ̀wọ̀n ẹ̀yìn la fẹ́ mú un kúrò lọ sí ẹ̀wọ̀n iwájú,” ló wí. Omi lé ròrò sójú rẹ̀.

Ó pe káfíńtà. “Ẹ má tíì ra igi o.”

“Àǹtí, irú ògiri yẹn ló ń gbayì báyìí!”

“Ẹ jẹ́ kó máa gbayì nílé ẹlòmíì.”

Ó wó ògiri inú àwòrán, ó fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ dípò rẹ̀. Ó gbé bíìmù sókè, òrùlé bàjẹ́, ó tún òrùlé ṣe. Tíì tí mo gbé fún un tutù síbẹ̀. Nígbà tó parí, ó gbé kọ̀ǹpútà lọ bá Bàbá, ó sì gbé e dúró déédéé ojú rẹ̀.

Bàbá tẹ ara síwájú lórí àga. Ó wò ó títí.

“Ta ló fi òpó ọ̀tún yìí síbí?”

“Èmi ni, Bàbá.”

“Ìwọ tí mo kọ́ níṣẹ́! O ò rí i pé ó bo ẹnu ọ̀nà ọ̀rẹ́ mi télọ̀ tó wà lódìkejì òpópónà ni? Sún un! Bíìmù yẹn náà tín-ín-rín jù. Bó o bá sún òpó, á tẹ̀. Mú un nípọn sí i. Àbí ta ló ní kó o yára?”

Alágídí ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ń sún òpó lọ.

Wọ́n ti kọ́ fàráńdà náà báyìí. Àwọn tó ń kọjá máa ń bi wá pé kí ló dé tí òpó kan fi yà bàrá. Bàbá ló máa ń dá wọn lóhùn látorí àga rẹ̀, torí ó ti rí wọn kí wọ́n tó rí òpó.