Iṣu Àna àti Ìyàwó Jésù

Ọ̀rọ̀ pé Jésù gbéyàwó tàbí kò gbéyàwó ló fẹ́ sọ mí di wèrè ní ọdún tí mò ń sọ yìí. Ẹ má sì rò pé mo jẹ́ ẹni tó gbóná nínú ẹ̀sìn. Aṣọ òfì ni mò ń hun ní Ìsẹ́yìn, mùsùlùmí ni ọkọ mi, èmi sì ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí mo bá ráyè. Ohun tó kàn mí níbẹ̀ ni àbúrò mi ọkùnrin.

Ajíhìnrere ni àbúrò mi yìí, ní ìjọ kékeré kan nílé wa ní Òkaka. Ó ní àfẹ́sọ́nà kan ní Ìlerò, obìnrin jẹ́jẹ́ tó ń ránṣọ. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti wà lẹ́nu ẹ̀ débi pé àwọn ọmọ tí a gbé pọ̀n lọ síbi mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ wọn ti ń hu irùngbọ̀n. Bí a bá bi í pé ìgbà wo ni ìgbéyàwó, á ní òun ń gbàdúrà sí i. Á ní Jésù kò gbéyàwó, iṣẹ́ Baba rẹ̀ ló gbájú mọ́, òun náà ò sì fẹ́ kí ọkàn òun pín sí méjì. Ó dáa. Ta ló ní kó gbéyàwó ní dandan? Ṣùgbọ́n kò tún fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Lọ́dọọdún tí iṣu tuntun bá ti jáde, á ṣa èyí tó tóbi jù nínú oko bàbá wa, á gbé e lọ fún bàbá obìnrin náà. Iṣu àna nìyẹn. Ilé tí iṣu àna bá ṣì ń wọ̀, kò sí ọkùnrin mìíràn tí yóò yà síbẹ̀, torí gbogbo èèyàn mọ̀ pé ọmọ náà ti ní ẹni tó ni ín. Ẹni tó ni ín ni kò wá mú un lọ. Inú mi kì í dùn bí mo bá rántí.

Lọ́dún náà, èmi gan-an ni mo bá a di ẹnu àpò iṣu ọ̀hún. Mo fi ìrépé aṣọ òfì kan tó ṣẹ́kù lára iṣẹ́ mi so ó, elése àlùkò, kó lè dùn ún wò. Mò ń so ó, mò ń kùn.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan tó wà ní Ìbàdàn ju fídíò kan sórí Wasáàpù ẹbí wa. Wọ́n ní àwọn ọ̀mọ̀wé kan lókè òkun ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ nítorí àwọn ìwé àtijọ́ tó ti ilẹ̀ Íjíbítì wá. Nínú ọ̀kan, ó jọ pé Jésù ń sọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀. Nínú òmíràn, ó jọ pé Màríà ará Mágídálà ni wọ́n pè ní ẹnì kejì rẹ̀. Àwọn kan gbà á gbọ́, àwọn kan ní irọ́ gbáà ni.

Àgbẹ̀ ni bàbá mi, iṣu ló fi tọ́ wa, kì í sì í ka ọ̀rọ̀ orí fóònù sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tan fídíò yẹn fún un, ó dìde, ó tún jókòó. Ó ní Ọlọ́run ti dá òun lóhùn. Bí Jésù fúnra rẹ̀ bá gbéyàwó, àwáwí wo ló tún kù fún ọmọ òun? Ó ní kí gbogbo wa wá sílé lọ́jọ́ Ìsinmi.

Èmi àti ọkọ mi gun ọ̀kadà láti Ìsẹ́yìn, ẹrẹ̀ ọ̀nà ta sí wa lára títí dé ọrùn. Mo rò pé a ó bi àbúrò mi ní ìbéèrè kan ṣoṣo ni, pé ṣé ó máa fẹ́ ọmọ yìí àbí kò ní fẹ́ ẹ, a ó sì padà sílé wa. Rárá o.

Bàbá mi ló ṣíde. Ó ní ọkùnrin bíi Jésù, tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, tó ní iṣẹ́ káfíńtà lọ́wọ́, ìyá wo ló máa wò ó níran bẹ́ẹ̀ láìwá ìyàwó fún un? Ó tún mú ti ìgbéyàwó Kánà wá, níbi tí Jésù ti sọ omi di ọtí. Ó ní ẹni tó jẹ́ àlejò níbi ìnáwó, ṣé òun ló ń sáré kiri pé ọtí ti tán? Ó ní onínàáwó ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi fèsì pé ayédèrú ni ọ̀kan nínú ìwé náà, àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò ti sọ bẹ́ẹ̀, àti pé èyí tí kì í ṣe ayédèrú pàápàá, ó ti pẹ́ gan-an tí Jésù ti lọ kí wọ́n tó kọ ọ́. Ó ṣàlàyé títí ó fi làágùn. Ni ọkọ mi, tí ẹnikẹ́ni ò bi léèrè, bá wúkọ́ díẹ̀. Ó ní gẹ́gẹ́ bí àwọn ààfáà ṣe kọ́ àwọn, Ànábì Ísà, ìyẹn Jésù, ò tíì kú, ó ń padà bọ̀ wá sáyé, ìgbà yẹn ni yóò fẹ́yàwó tí yóò sì bímọ. Bàbá mi pàtẹ́wọ́. Ó ní ẹ ò rí i, ẹ̀sìn méjèèjì ló fún un níyàwó. Àbúrò mi ní ti ọjọ́ iwájú kọ́ ni àwọn ń sọ. Ọkọ mi ní yóò ṣáà fẹ́ ẹ. Ni wọ́n bá tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mo bi wọ́n pé obìnrin Ìlerò ńkọ́. Bàbá mi ní kí n fara balẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn ń bọ̀. Mo fara balẹ̀ títí ó fi sú mi. Wọ́n fi ètè sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Ibẹ̀ la wà tí ọ̀kadà kan fi yà wọ àgbàlá. Obìnrin Ìlerò fúnra rẹ̀ ló sọ̀ kalẹ̀, àpò iṣu kan wà níwájú ọlọ́kadà, ó sì ní kí ọkùnrin náà dúró de òun. Ó kúnlẹ̀, ó kí bàbá mi, ó ní wọ́n rán òun wá ni. Bàbá mi ò jẹ́ kó parí ẹ̀. Ó ní ìyàwó àwọn ti dé, ó tún gbé iṣu wá, ẹ wo ọmọ tó mọ̀wàá hù. Ó ní iṣẹ́ tí wọ́n rán an lè dúró díẹ̀, kí àwọn parí èyí tó wà nílẹ̀ ná, torí tirẹ̀ náà ni. Ó fi ọ̀bẹ gé okùn ẹnu àpò, ó ṣa iṣu tó sanra, ó ní kí n tètè gún un. Àbúrò mi kí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ bí ẹni ń kí ọmọ ìjọ, ó sì padà sórí àríyànjiyàn rẹ̀.

A jọ wọ ilé ìdáná. A bẹ iṣu, a gbé e kaná. Ariwo Màríà nìkan là ń gbọ́ níta. Nígbà tí mo jáde lọ mú iṣu kan sí i ni mo rí okùn tí bàbá mi gé dànù nílẹ̀. Ìrépé aṣọ òfì mi ni. Elése àlùkò. Kókó tí mo ta ṣì wà lára rẹ̀ bí mo ṣe ta á, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án ní Ìlerò. Iṣu àna tí àbúrò mi gbé lọ ló padà wálé yìí. Lọ́dọ̀ wa, bí wọ́n bá ti dá iṣu àna padà, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Àwa sì ti gbé e kaná.

Mo padà wọlé, mo fi ìrépé náà hàn án. Ó tẹjú mọ́lẹ̀. Ó ní kì í ṣe pé òun rí ẹlòmíràn o. Ó ní aṣọ ìyàwó ni òun ń rán ṣáá fún àwọn ọmọ tí òun jù lọ, ó ti sú òun. Inú bí mi, mo ní kó jáde lọ sọ ọ́ fún wọn báyìí. Ó ní òun ti gbìyànjú, èmi náà sì rí i. Ó ní kí a gún iṣu ọ̀hún ná, ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Òun ló gbé oúnjẹ síwájú wọn. Ó dúró títí bàbá mi fi gbé òkèlè àkọ́kọ́ mì, tó ní ará Ìlerò mọ iṣu í gbìn.

Ó ní, “Bàbá, iṣu yín lẹ ń jẹ yẹn. Èyí tí wọ́n gbé wá fún bàbá mi ni. A ò tú u.”

Ọwọ́ bàbá mi dúró nínú àwo. Obìnrin náà wá kọjú sí àbúrò mi.

“Èmi ò mọ̀ bóyá Jésù gbéyàwó. Ṣùgbọ́n bí kò bá gbé e, kò gbé iṣu lọ sílé bàbá ẹnikẹ́ni.”

Ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó gun ọ̀kadà rẹ̀, ó lọ. Ọkọ mi ya ẹnu láti sọ nǹkan kan nípa Ànábì Ísà. Mo wò ó. Ó pa á dé.

Lọ́jọ́ kejì, àbúrò mi lọ bẹ̀bẹ̀ ní Ìlerò. Wọ́n fún un lómi mu, wọ́n bi í léèrè àlàáfíà ilé, wọ́n sì sìn ín sọ́nà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹni tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ti di àlejò.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, obìnrin náà wá bá mi ní Ìsẹ́yìn. Ó ní òun ti rí ọkọ, òun sì fẹ́ kó jẹ́ èmi ni yóò bá òun hun aṣọ ìgbéyàwó òun, ó sì fẹ́ ẹ ní elése àlùkò. Mo hun ún. Àbúrò mi wá kí mi lọ́sẹ̀ náà, ó bá aṣọ ọ̀hún lórí òfì, ó fọwọ́ pa á, ó yìn ín, ó bi mí pé ta ló ni ín. Mo sọ fún un. Kò dárúkọ Jésù títí tó fi lọ.