Ẹ̀yìn Edith

Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye àmì tó wà lẹ́yìn ọrùn Edith, ẹ bi Rose Ìgè, ọmọ Ayépé. Olùkọ́ ni Rose ní Ìjẹ̀bú-Òde, ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ọdún 1983, òun àti Edith ló ń tukọ̀ ìdíje fún Ìpínlẹ̀ Ògùn. Bó bá ti di Sátidé, á wọ mọ́tò lọ sétí ọ̀sà ní Ìwòpin, á jókòó sẹ́yìn Edith, á sì máa wo ìpàkọ́ rẹ̀ títí oòrùn yóò fi mú.

Nínú ọkọ̀ ìdíje, ẹ̀yìn ni àwọn atukọ̀ ń kọ síbi tí wọ́n ń lọ. Ẹni iwájú ló ń pinnu bí àjẹ̀ yóò ṣe yá tó. Ẹni ẹ̀yìn á máa wò ó, á máa tẹ̀ lé e. Edith, ọmọ Ìwòpin tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé inú ọkọ̀ ló ti kọ́ ìrìn, ni wọ́n fi síwájú.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Rose ló dàgbà jù. Nílé Ìgè, àgbà ló ń kọ́kọ́ mú ẹran. Ta ló gbọ́ ọ rí pé àbúrò jókòó síwájú, ẹ̀gbọ́n ń wo ìpàkọ́ rẹ̀? Èyí tó tún dùn ún jù ni pé Edith kì í ṣe aláfojúdi. "Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Àǹtí mi, ẹ mumi." Kò tiẹ̀ jẹ́ kí òjòwú rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan kà sí òun lọ́rùn!

Nígbà tí ìdíje kù sí dẹ̀dẹ̀, Rose lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Fálẹ́yẹ tó ń kọ́ wọn.

"Sà, ẹ jẹ́ kí n jókòó síwájú."

"Kí ló dé? Ṣé ẹ̀yìn Edith ń rùn ni?"

"Èmi ni àgbà, sà."

"Omi ò bèèrè ọjọ́ orí o! Ó dáa, ẹ pààrọ̀ àyè ká wò ó. Bó bá bọ́ sí i, ibẹ̀ ni wàá wà lọ́jọ́ ìdíje."

Rose jókòó síwájú bí ẹni tó gorí oyè. Kò tíì fa àjẹ̀ jìnnà tí ara fi ń yún un. Kò rí Edith mọ́! Ṣé ó ń fi òun rẹ́rìn-ín ni? Àbí ó tún ń ṣe é dáadáa ju òun lọ? Ó bojú wẹ̀yìn. Ó fa àjẹ̀ díẹ̀, ó tún bojú wẹ̀yìn. Gbogbo ìgbà tó bá yí ọrùn ni ọkọ̀ ń yà.

"Àǹtí mi, ẹ má wò mí mọ́, ẹ jọ̀ọ́!"

"Kí lò ń fi pamọ́?"

Kí Edith tó dáhùn, wọ́n ti kó wọnú àwọ̀n Bàbá Wàhábì apẹja. Bàbá nàró nínú ọkọ̀ tirẹ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ fẹ́ ra ẹja ni, àbí ẹ fẹ́ di ẹja?"

Rose tú àwọ̀n kúrò lára àjẹ̀, kò wo ẹnikẹ́ni lójú. Bí wọ́n ti gúnlẹ̀, ó ní, "Edith, padà síwájú jàre."

Lọ́jọ́ ìdíje, ó tẹjú mọ́ ẹ̀yìn tó ń bí i nínú yẹn. Bí Edith ti tẹ̀, ó tẹ̀. Bó ti nà, ó nà. Owú ò jẹ́ kó gbà kí Edith fi ìka kan jù ú lọ, ni àjẹ̀ wọn bá ń wọmi pọ̀ bíi ti ẹnì kan ṣoṣo. Àwọn ló gba ipò kìn-ín-ní.

Ṣùgbọ́n Edith ni rédíò kọ́kọ́ dárúkọ. Rose ṣu ẹnu jọ. Edith sún mọ́ ọn.

"Àǹtí mi, ṣebí ẹ̀yìn la kọ sí òpin? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sẹ́yìn, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ kọjá ìlà."

Rose rò ó. Ó tún un rò. Òótọ́ ni! Títí tó fi fẹ̀yìn tì nídìí àjẹ̀, kò bèèrè iwájú mọ́. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá dé Ayépé, tẹ́ ẹ bi í léèrè ẹni tó gba ipò kìn-ín-ní lọ́jọ́ náà, á ní:

"Èmi ni. Edith ló ṣe ìkejì."