Irin Tí Mo Yàn fún Ọwọ́ Bàbá Mi

Òórùn epo ẹ́ńjìnnì ni mo fi mọ bàbá mi láti kékeré. Bí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì wọn ní Ládìpọ̀ dé nírọ̀lẹ́, òórùn náà ló máa ń ṣáájú wọn wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Múṣin. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, òórùn ìpara ìfọwọ́ra ló ti gba ipò rẹ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù wọ́n. Ẹsẹ̀ wọn ti ń bọ̀ sípò, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn náà ti já gaara, ṣùgbọ́n apá ọ̀tún kọ̀, kò gòkè ju ìdodo lọ. Yìgì mi sì ń bọ̀ lẹ́yìn Iléyá. Àdúrà kan ṣoṣo ni Bàbá ń gbà nígbà yẹn, pé kí ọwọ́ ọ̀tún náà gòkè dé orí mi lọ́jọ́ yìgì, kí wọ́n lè fi súre fún mi.

Obìnrin tó ń kọ́ àwọn aláìsàn léré ìdárayá nílé ìwòsàn ṣàlàyé fún wa dáadáa. Ó ní kí a bu omi sínú ike kékeré dé ìdajì, kí Bàbá máa rọra gbé e sókè sódò láràárọ̀. Tó bá ti rọ̀ wọ́n lọ́rùn, ká fi díẹ̀ kún un. Tó bá jẹ́ irin ìdárayá la fẹ́ rà, ká mú èyí tó kéré jù, tí wọ́n á lè gbé léraléra láìmí hẹlẹ. Mo ń mi orí bí ọmọ tó gbọ́n.

Bàbá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n gbé ike omi. Ọkùnrin tó máa ń dá gbé gíábọ́ọ̀sì lé èjìká nìyẹn o. Ìyàwó ayálégbé kan ń kọjá lọ, ó rí ike lọ́wọ́ wọn, ó rò pé wọn ò lè ṣí ìdérí rẹ̀ ni, àánú wọn ṣe é.

"Bàbá, ẹ jẹ́ n bá yín ṣí i."

Inú rere ló fi sọ ọ́. Bàbá rọra gbé ike náà sílẹ̀, wọn ò sì fọwọ́ kàn án mọ́.

Ni mo bá gba Yábàá lọ láti ra irin. Ẹni tó ń tà á kó àwọn kéékèèké jáde, wọ́n fi rọ́bà aláwọ̀ òdòdó àti àwọ̀ ewé bò wọ́n.

"Àǹtí, tó bá jẹ́ fún àgbà, ẹ start pẹ̀lú kílò kan. Ó ti okay."

Mo wò wọ́n, wọ́n jọ ohun ìṣeré ọmọ ìkókó lójú mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé irú èyí síwájú bàbá mi? Mo nawọ́ sí èyí tó dúdú, tó wúwo ní kílò márùn-ún. Ó rẹ̀ mí kí n tó gbé e délé, mo sì ń yangàn pé mo mọ iyì bàbá mi. Ọgbọ́n mi ìgbà yẹn nìyẹn.

Nígbà tí Bàbá rí i, ojú wọn tàn. "Ehn, èyí jọ irin!" Lọ́jọ́ Sunday, ọmọṣẹ́ wọn àgbà gbé irin bíréèkì ọkọ̀ wá láti ṣọ́ọ̀bù.

"Ọ̀gá, tẹ́ ẹ bá ti finish tiyẹn, ẹ bọ́ sórí èyí. Pawa yín ṣì wà ńbẹ̀ jàre!"

Ẹ̀rín sọ. Ó ti pẹ́ tí Bàbá ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Màámi nìkan ló béèrè pé ṣé ohun tí wọ́n ní ká ṣe nìyí, ẹ̀rín wa sì bo ohùn wọn mọ́lẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn Àsùbáà, Bàbá fi ọwọ́ òsì ran ọ̀tún lọ́wọ́, wọ́n gbé irin náà kọjá àyà, wọ́n sì fi òsì sílẹ̀. Igbe wọn ló jí wa. Irin ti balẹ̀, èjìká ti yẹ̀. Wọ́n dá a padà nílé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ìrora náà kó ìwọ̀nba agbára tó kù lọ. Obìnrin eléré ìdárayá yẹn bi mí pé kílò mélòó ni. Mo sọ fún un. Kò bú mi, ó kọ ọ́ sínú fáìlì Bàbá.

Lọ́jọ́ yìgì, mo kúnlẹ̀. Bàbá fi ọwọ́ òsì di ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mú, wọ́n gbé e sókè, wọ́n sì gbé e lé mi lórí. Mo bú sẹ́kún, àwọn ènìyàn ní ẹkún ìyàwó ni. Bàbá tẹ̀ sí mi létí.

"Má sunkún mọ́. Ṣebí ó débẹ̀."

Wọ́n ti kú báyìí. Ó ṣì ń dùn mí gan-an. A bọ̀wọ̀ fún wọn débi pé kò sẹ́ni tó lè sọ fún wọn pé, "Bàbá, ẹ rọra ṣe é, àwa ò ní fi yín ṣe yẹ̀yẹ́." Mo rò pé wọn ì bá gbọ́, tó bá jẹ́ pé èmi ni mo sọ ọ́.