Kí Ọ̀dà Tó Gbẹ

Òórùn karosíìnì ló máa ń kọ́kọ́ gbé ìrántí náà dé. Kì í ṣe karosíìnì sítóòfù. Èyí tí a fi ń fọ búrọ́ọ̀ṣì ni mo ń wí, tó ti dà pọ̀ mọ́ ọ̀dà elépo, tó ń wọ aṣọ, tó ń wọ irun, tí ọṣẹ kì í tètè mú kúrò. Níbi yòówù kí mo ti gbóòórùn rẹ̀ lónìí, Bàbá mi ni mo máa ń rí, lórí àga wọn lẹ́bàá fèrèsé nílé wa ní Òkèrèwè, tí wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ọwọ́ òsì lé itan bí ẹni gbé ọmọ tó sùn.

Àgbẹ̀ kòkó ni Bàbá. Kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó dá wọn jókòó, wọn kì í pa oko jẹ àfi lọ́jọ́ Ìsinmi, lọ́jọ́ Ìsinmi pàápàá, bí ìwàásù bá ti gùn jù, ojú wọn a ti wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí ẹsẹ̀ kọ̀, tí ọwọ́ òsì tẹ̀ lé e, ẹnu nìkan ló kù tí wọ́n fi ń lọ sóko. Ẹnikẹ́ni tó bá wọlé wá kí wọn, wọn a bi í bóyá òjò ti rọ̀ níhà ibẹ̀, bóyá koríko ti bo ojú ọ̀nà, bóyá igi obì tó wà lẹ́nu àbáwọlé oko ti so. Ọdún tí wọ́n gbé ìyá wa níyàwó ni wọ́n gbin igi obì yẹn, abẹ́ rẹ̀ sì ni ìyá wa máa ń jókòó sí fọ́ kòkó títí ọlọ́jọ́ fi dé. Fọ́tò ìyá wa wà lórí ògiri tó kọjú sí àga Bàbá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn òbí Bàbá. Ògiri àwọn tó ti lọ ni. Bàbá kì í jẹ́ kí a gbé àwòrán alààyè kọ́ síbẹ̀. Ìgbà kan tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gbé fọ́tò ìgboyè wọn kọ́ síbẹ̀, Bàbá ní kó gbé e kúrò níbẹ̀, pé kí ló ń kánjú sí.

Ohun tí Bàbá kò mọ̀ ni pé oko náà kò sí mọ́. Ilẹ̀ ẹbí ni, àwọn àgbà ẹbí sì ti tà á fún àwọn tó ń kọ́ ilé. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lọ wò ó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kátápílà ti kọjá lórí rẹ̀. Ilẹ̀ pupa lásán ni a bá, ó tẹ́ lọ títí dé ẹsẹ̀ òkè, kò sí ewé kan, kò sí ibòji kan tí a lè dúró sí. Odò kékeré tí a ti ń pọnmi nígbà èwe wa, wọ́n ti fi yẹ̀pẹ̀ dí i. Mo wá igi obì títí, n kò lè fi ìka tọ́ka ibi tó ti wà rí. A padà sí Òkèrèwè. Ẹnu ọ̀nà ilé ni ẹ̀gbọ́n mi ti ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹ́ kí Bàbá gbọ́, nítorí dókítà ti kìlọ̀ pé ohun tó bá bà wọ́n lọ́kàn jẹ́ lójijì lè gba ẹ̀mí wọn. Gbogbo wa gbà. Ìfẹ́ ni a fi bẹ̀rẹ̀ sí í purọ́ fún bàbá wa.

Irọ́ náà kọ́kọ́ rọrùn. Bí Bàbá bá bi wá ìdí tí a kò fi lọ sóko, a ní afárá já. A ní òjò pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan Bàbá ní ṣebí gbogbo wa la ní fóònù, kí ẹnì kan lọ ya fọ́tò oko náà wá kí àwọn fi ojú kàn án, ìyẹn náà ti tó. A wo ara wa. Ẹ̀gbọ́n mi, tí wọ́n jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì, ní nẹ́tíwọ̀kì kò dára níhà ibẹ̀, bí ẹni pé nẹ́tíwọ̀kì ni wọ́n fi ń ya fọ́tò. Bàbá wò wọ́n lójú. Láti ọjọ́ náà ni Bàbá ti ń béèrè fọ́tò oko ní àràárọ̀, bí ọmọdé ṣe ń béèrè àkàrà.

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n tèmi ti bẹ̀rẹ̀. Ilé-ìwé jẹ́léósinmi ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Mo máa ń ya ewúrẹ́ àti ọsàn sójú pátákó fún àwọn ọmọ, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún mi, mo sì fi ìyẹn gbà pé ayàwòrán ni mí. Bí mo ṣe ń kọjá ní àdúgbò Mayfair nínú ìlú wa lọ́jọ́ kan, mo rí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, pé ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ń kọ́ àwọn tí kò fọwọ́ kan ọ̀dà rí bí wọ́n ṣe ń ya òkè, odò àti igbó: ọ̀dà tútù lórí ọ̀dà tútù, kí àwòrán sì parí ní ìjókòó kan. Mo dúró síwájú ìwé náà nínú oòrùn. Fóònù kò lè ya ohun tí kò sí mọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ lè yà á. Mo ní mo ti rí ojútùú.

Inú gáréèjì ni olùkọ́ wa ti ń kọ́ wa. A kò pọ̀: èmi, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì ní báńkì, àti ìyàwó ilé kan tó ní ariwo àwọn ọmọ òun ni òun sá fún. Olùkọ́ wa kọ́ wa pé kí a kọ́kọ́ fi ọ̀dà funfun tó ṣàn kun gbogbo ojú aṣọ tí a nà mọ́ igi, kí ó tutù bí ilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi omi nù. Orí ìtutù yẹn ni àwọn àwọ̀ ojú ọ̀run yóò ti wọ inú ara wọn, lẹ́yìn ojú ọ̀run ni òkè tó jìnnà, lẹ́yìn òkè ni igi tó sún mọ́ni. A kì í dúró kí ó gbẹ. Ṣùgbọ́n wọ́n kìlọ̀ pé bí ọwọ́ bá ti pọ̀ jù lórí rẹ̀, gbogbo àwọ̀ á pò pọ̀, á sì di ẹrẹ̀. Ẹrẹ̀ ni èmi ń yà fún ìgbà pípẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, ṣùgbọ́n imú tèmi pẹ́ lẹ́nu ọgbà.

Àwòrán àkọ́kọ́ tó ṣeé gbé jáde, òkè ilẹ̀ òkèèrè ni, irú èyí tí yìnyín bo orí rẹ̀, tí olùkọ́ wa máa ń fi fídíò rẹ̀ hàn wá. Mo gbé e lọ sílé tayọ̀tayọ̀. Bàbá yí orí sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì. Wọ́n bi mí kí ni wọ́n dà sórí òkè náà, mo ní yìnyín ni. Wọ́n bi mí kí ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀, mo ní kò sí ohun tó lè hù níbẹ̀. Wọ́n ní kí ni ẹni tó yà á wá lọ ń wá níbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ẹnu wọn sì wọ́ sápá kan bí àìsàn náà ti fi í sílẹ̀. Ìgbà tó kẹ́yìn tí a jọ rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí ọwọ́ mi tọ́ díẹ̀, mo sọ fún olùkọ́ wa pé oko bàbá mi ni mo fẹ́ yà. Wọ́n ní kí n mú fọ́tò rẹ̀ wá kí a máa wò ó. Mo fẹ́ wá irọ́ kan pa fún àwọn náà, ṣùgbọ́n ẹkún ló jáde. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n fi àkísà nu ọwọ́, wọ́n ní kí n di ojú, kí n rìn wọ oko náà láti ẹnu ọ̀nà, kí n máa sọ ohun tí mo bá ń rí fún àwọn. Báyìí ni mo ṣe yà á: òkè tí ìkùukùu òwúrọ̀ bo ẹsẹ̀ rẹ̀, àwọn igi kòkó tó fara ti ara wọn, odò, àti ọ̀nà pupa tó gba àárín kọjá. Igi obì nìkan ló dà mí láàmú. Iwájú pátápátá ló yẹ kó wà, lórí ọ̀dà tó ti nípọn, bí mo sì ṣe ń gbìyànjú ni ó ń di ẹrẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo fi ọ̀bẹ ha á kúrò, mo fi koríko dí ojú rẹ̀. Mo ní Bàbá kò ní fura.

Ìgbà ọyẹ́ ni. Mo gbé àwòrán náà sórí itan nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá láti Mayfair dé Òkèrèwè, n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fara kàn án, nítorí ọ̀dà elépo kì í gbẹ bọ̀rọ̀, eruku ọyẹ́ sì ń rọra bà lé e. Mo bá ẹ̀gbọ́n mi nílé. Wọ́n bá mi gbé e dúró sórí àga níwájú Bàbá.

Bàbá wò ó pẹ́. Wọ́n fi ìka ọwọ́ ọ̀tún tọ odò náà láìfọwọ́ kàn án, títí dé ibi tó ti yà lẹ́yìn òkúta. Wọ́n tọ́ka ibi tí a ti máa ń sá kòkó. Inú mi ń dùn, mo wo ẹ̀gbọ́n mi, ojú tiwọn náà ti rọ̀. Lẹ́yìn náà ni Bàbá gbé ojú sókè sí mi.

"Ọmọ mi," ni wọ́n wí, "ìgbà wo ni wọ́n gé àwọn igi oko mi?"

Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nǹkan kan nípa afárá. Bàbá gbé ọwọ́ sókè dá wọn dúró.

"Ohun tó bá wà níbẹ̀, fóònù ni ẹ̀ bá fi yà á. Ènìyàn kì í fi ọ̀pọ̀ oṣù kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya ohun tó lè wọ mọ́tò lọ wò." Jẹ́jẹ́ ni wọ́n sọ ọ́, kò sí ìbínú nínú rẹ̀, ìyẹn gan-an ló sì dùn mí jù. "Ẹ rò pé àánú mi lẹ ń ṣe. Ọmọ mi kú yá ju ọmọ mi nù lọ. Ẹ ti jẹ́ kí oko mi nù mọ́ mi lọ́wọ́ láti ọjọ́ yìí wá."

Mo kúnlẹ̀, mo ń sunkún. Ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, bí ọmọdé gun igi, kò lè rí i. Èmi gun igi, mo tilẹ̀ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń yà á. Bàbá dúró kí n sun ẹkún mi tán. Wọ́n wá bi mí bóyá ọ̀dà náà ti gbẹ. Mo ní kò tí ì gbẹ.

"Igi obì mi kò sí níbẹ̀," ni wọ́n wí. "Fi í sí i kó tó gbẹ."

Mo fẹ́ sọ pé n kò mọ̀ ọ́n yà, ṣùgbọ́n mo lọ kó búrọ́ọ̀ṣì mi. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn, wọ́n sì ń darí mi: sọ́tùn-ún díẹ̀, sísàlẹ̀, kí n jẹ́ kí ẹ̀ka kan tẹ̀ sójú ọ̀nà, nítorí ẹ̀ka yẹn ni ìyá wa máa ń fi ìborùn kọ́ sí. Igi náà tún di ẹrẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo fẹ́ ha á kúrò, Bàbá ní kí n fi í sílẹ̀, pé èèpo rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Mo mọ̀ pé èèpo rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n mi mú òòlù àti ìṣó wá, wọ́n fẹ́ gbé àwòrán náà kọ́ sẹ́bàá fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ yóò ti máa bà á. Bàbá mirí pé rárá. Wọ́n nàka sí ògiri àwọn tó ti lọ.

"Ẹ gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá yín."

Ẹ̀gbọ́n mi kan ìṣó náà, wọ́n sì gbé e kọ́. Láti ọjọ́ náà, Bàbá kò béèrè ọ̀rọ̀ oko lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Àlejò á wọlé, wọ́n á kí i, wọ́n á sì bi í nípa àwọn ọmọ rẹ̀ nìkan.

Òjò àkọ́rọ̀ kò bá wọn láyé. Nígbà tí a sin wọ́n tán, a gbé fọ́tò wọn kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì àwòrán náà, tí ó fi jẹ́ pé oko wà láàárín Bàbá àti ìyá wa títí dòní. Ilé ti kún ilẹ̀ oko náà báyìí. Mo kọjá níbẹ̀ láìpẹ́ yìí, àwọn ọmọdé ń ṣeré lójú títì, aṣọ wà lórí okùn, n kò sì lè bínú sí ẹnikẹ́ni nínú wọn. Èmi náà ti ń kọ́ àwọn mìíràn bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀dà tútù lé ọ̀dà tútù, nínú gáréèjì kan náà ní Mayfair, nítorí ojú olùkọ́ wa kò ríran dáadáa mọ́. Bí mo bá ń gbálẹ̀ pálọ̀ ní Òkèrèwè, mo máa ń nu fọ́tò Bàbá àti ti ìyá wa, ṣùgbọ́n n kì í nu àwòrán náà. Eruku ọyẹ́ ọdún yẹn ti gbẹ mọ́ ojú ọ̀run rẹ̀.

Ọwọ́ mi ti mọ igi yà báyìí. Mo lè ya igi obì tí ẹnikẹ́ni yóò rí tí yóò sọ pé obì nìyí, ewé rẹ̀, èèpo rẹ̀, ẹ̀ka tó tẹ̀ sójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ọ̀dà tó wà lórí ògiri yẹn ti gbẹ tipẹ́, ẹni tó ń sọ fún mi pé sọ́tùn-ún díẹ̀ kò sì sí níbẹ̀ mọ́.