Olómi Lásunwọ̀n àti Jíìpù Tí Ń Mu Omi

Ọkọ̀ tó bá dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù Làtífù ní Lásunwọ̀n, àfi kó mu omi. O lè dúró béèrè ọ̀nà lásán, kí o tó parí ọ̀rọ̀, Làtífù ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ, ó ti ń rọ omi sí i láti inú kẹ́ẹ̀gì. Kì í gba kọ́bọ̀ lórí ẹ̀. Ó tilẹ̀ kọ ọ́ sára pátákó ńlá tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù, ní lẹ́tà pupa: OLÓMI MẸKÁNÍÌKÌ. OMI RÉDÍÉTỌ̀, Ọ̀FẸ́ NI. Olómi yìí ni gbogbo àdúgbò ń pè é, débi pé nígbà tí lẹ́tà kan dé pẹ̀lú orúkọ Làtífù lára, ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi gbé e kiri kí wọ́n tó mọ ẹni tó ni ín.

Kì í ṣe fújà ló ń ṣe. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, ó tẹ̀lé bàbá rẹ̀ nínú lọ́rì tó kó ẹja láti Ẹ̀pẹ́ bọ̀ wá sí Ìkòròdú. Nígbà tí wọ́n fi máa dé Ìtòíkín, omi ti tán nínú rédíétọ̀. Bàbá rò pé òun á fipá dé ilé. Ẹ́ńjìnnì nọ́ọ̀kì, lọ́rì náà ò sì tún rìn mọ́ láyé. Bàbá jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, ó ń sunkún níṣojú ọmọ rẹ̀, ẹja ń bàjẹ́ lẹ́yìn wọn. Ìgò omi kan péré ì bá gba lọ́rì yẹn là. Láti ọjọ́ náà, Làtífù kì í rí rédíétọ̀ kó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọdún 2006 ni Adéṣínà gbé jíìpù rẹ̀ dé. Ọmọ Ìwó ni Adéṣínà, ó ń gbé ilé àyágbé ní Lásunwọ̀n, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Ẹ̀pẹ́. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra jíìpù tòkunbọ̀ kan, oní-dísẹ́ẹ̀lì, èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń wọ́ pọ̀ nínú ẹrẹ̀.

"Ọ̀gá Làtífù, ẹ jọ̀ọ́, omi mọ́tò yìí ń lọ," ó ní, "mi ò sì mọ ibi tó ń gbà lọ."

"Ṣé ó ń jò sílẹ̀ ni?"

"Ilẹ̀ gbẹ táútáú."

"Ṣé ó ń rú èéfín funfun?"

"Rárá o."

"Omi ò wọnú ọ́ìlì?"

"Mo fa irin ìwọn ọ́ìlì yọ, dúdú ló ṣì wà."

Làtífù ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀gbẹ́ rédíétọ̀ ni táǹkì kékeré kan wà, oníke funfun, tí wọ́n fa ìlà méjì sí lára, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Omi wà ní ìlà ìsàlẹ̀. Làtífù mí kanlẹ̀, ó rọ omi sí i títí ó fi dé ẹnu. "Ẹ máa gbé e wá láràárọ̀," ó ní, "kí ẹ tó máa lọ síbi iṣẹ́."

Bẹ́ẹ̀ ni Adéṣínà ń gbé e wá. Láràárọ̀, omi ti wálẹ̀. Láràárọ̀, Làtífù á rọ ọ́ kún.

Ó pààrọ̀ ìdérí rédíétọ̀. Omi ń lọ. Ó pààrọ̀ gbogbo rọ́bà, ńlá àti kékeré. Omi ń lọ. Ó tú rédíétọ̀ fúnra rẹ̀, ó gbé e lọ bá wẹ́dà, wọ́n rì í sínú dúrọ́ọ̀mù, wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i, kò hó, kò ṣe nǹkan kan. Ó wá bínú, ó tú tọ́pù sílíńdà kalẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi tú u. Gásíkẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀, tí kì í jẹ́ kí omi jò, dára débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dá gbogbo rẹ̀ padà, ó rọ omi kún táǹkì, omi sì lọ.

Ìgbà yẹn ló ra atíkè ọmọdé, agolo mẹ́fà. Ó fín in sára gbogbo ojú ìsopọ̀ tó wà lára ẹ́ńjìnnì, pé níbi tí omi bá ti yọ, atíkè á rẹ, òun á sì rí i. Ọgbọ́n gidi ni, mi ò ní í purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná, òórùn ọmọ jòjòló gba inú jíìpù kan. Àwọn tí Adéṣínà ń bá ṣiṣẹ́ ní Ẹ̀pẹ́ gbóòórùn rẹ̀ lára aṣọ rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kí i kú ewu ọmọ. Ẹnì kan fún un ní ọṣẹ ìwẹ̀ ọmọ tuntun. Ó gbé ọṣẹ délé, ìyàwó rẹ̀, Mùnírátù, sì ní kó dárúkọ obìnrin tó bímọ fún un ní Ẹ̀pẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni wọ́n fi parí ìjà yẹn. Atíkè gbẹ síbẹ̀ lára ẹ́ńjìnnì, kò sí ibi tó rẹ.

Dáúdà, mẹkáníìkì tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní òdìkejì títì, ń rẹ́rìn-ín. "Olómi," ó pariwo kí gbogbo èèyàn lè gbọ́, "omi ló ní orúkọ rẹ, omi ló tún ń fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́!"

Ojú ti Làtífù. Ó bọ́ sí àárín títì. "Bí ọjọ́ Jímọ̀ bá dé tí mi ò tíì rí ohun tó ń mu omi jíìpù yìí, ọwọ́ ara mi ni màá fi já pátákó mi bọ́!"

Dáúdà wọlé, ó gbé àkàbà jáde, ó gbé e ti òpó pátákó náà, ó bá tiẹ̀ lọ. Ọjọ́ Mọ́ńdè nìyẹn. Títí di Ọjọ́bọ̀, ibẹ̀ ni àkàbà náà wà, àwọn èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í sá aṣọ lé e. Làtífù ò lè wò ó láì jẹ́ pé inú rẹ̀ bàjẹ́. Kí ni wọ́n á máa pe òun bí kò bá sí pátákó yẹn mọ́?

Ní Ọjọ́bọ̀, ó pinnu láti bá jíìpù náà dé Ẹ̀pẹ́. Dáúdà ní òun gbọ́dọ̀ ṣe ẹlẹ́rìí, ó wọ ẹ̀yìn. Làtífù pọn omi kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà kalẹ̀ fún ìrìn àjò náà. Ó rò pé Dáúdà ti kó wọn sọ́kọ̀. Dáúdà náà rò pé Làtífù ti kó wọn. Ìtòíkín ni wọ́n ti mọ̀ pé gbogbo kẹ́ẹ̀gì wà ní Lásunwọ̀n.

"Ẹ dúró!" Làtífù figbe ta. "Ọ̀gá mi, ẹ bá mi dúró! Ibí yìí kọ́ ló máa kú sí o!"

Ó ti bẹ́ sílẹ̀ kí jíìpù tó dúró tán. Ó nà gbalaja sábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú aṣọ tó wọ̀. Ìgbà yẹn ló rí i. Láti ẹ̀gbẹ́ táǹkì kékeré, rọ́bà tín-ín-rín kan sọ̀ kalẹ̀, omi ń kán láti ẹnu rẹ̀ sórí irin pẹlẹbẹ tó bo abẹ́ ẹ́ńjìnnì. Irin náà gbóná. Omi dún ṣìì, ó gbẹ, kò kan ilẹ̀ rárá. Làtífù nawọ́ mú rọ́bà náà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, omi náà dá. Ó dìde, ó wo táǹkì. Ìlà òkè gan-an ni omi wà. Kò lọ sílẹ̀ mọ́.

Wọ́n dé Ẹ̀pẹ́, ìlà òkè ló ṣì wà. Bí wọ́n ṣe dé ẹnu géètì ọ́fíìsì, Bàbá Adélàjà tó ń ṣọ́ géètì sáré bọ̀ pẹ̀lú jọ́ọ̀gì.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ ṣí i, kí n fún un ní tiẹ̀."

"Tiẹ̀ kẹ̀?" Làtífù bi í.

"Ojoojúmọ́ ni mo máa ń rọ ọ́ fún un. Mo máa ń rí i pé kò kún."

Làtífù gba jọ́ọ̀gì náà lọ́wọ́ bàbá, ó jókòó ti jíìpù náà láti àárọ̀ títí Adéṣínà fi jáde níṣẹ́. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ọn. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, omi wálẹ̀ sí ìlà ìsàlẹ̀, ó dúró síbẹ̀. Wọ́n gbé e délé ní Lásunwọ̀n, ẹ̀kán kan ò dínkù. Ibẹ̀ ni Mùnírátù ti jáde tòun ti bùtà lọ́wọ́.

"Ẹ jẹ́ n rọ díẹ̀ sí i kó tó tutù," ó ní. "Mo máa ń rọ ọ́ kí n tó kírun mọ̀gáríbì. Mi ò fẹ́ kí ọkọ mi jóná sójú ọ̀nà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lọ bímọ síbòmíì."

Dáúdà wúkọ́. "Èmi náà," ó ní, "bó bá dúró ra búrẹ́dì níwájú mi, mo máa ń bù ú sí i. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé tìrẹ ò tó."

Làtífù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Gbogbo rẹ̀ wá yé e. Kò sí ohun tó ń ṣe jíìpù. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, ó ń pọ èyí tó pọ̀ jù, tó bá tutù, ó padà sí ìlà ìsàlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni èèyàn mẹ́rin ti ń fún un lómi lójú ọ̀fun, tí òun Làtífù sì ń tú ẹ́ńjìnnì ẹlẹ́ńjìnnì wá àrùn tí òun fọwọ́ ara òun kó bá a.

Bí wọ́n ṣe ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù, Dáúdà fà á lápá. "Gbọ́, ká sọ pé rọ́bà ló lu. Pààrọ̀ rẹ̀ lójú wọn. Èmi ò ní í sọ̀rọ̀, ojú á ti èmi náà."

Ó dùn létí Làtífù, ẹ má jẹ́ n tàn yín. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá sọ pé rọ́bà ni, ọ̀la ni gbogbo wọn á tún bẹ̀rẹ̀ sí í rọ omi.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, nígbà tí wọ́n kírun tán, èrò pé sábẹ́ pátákó. Làtífù kó aṣọ àwọn èèyàn kúrò lórí àkàbà, ó gùn ún. Ariwo sọ. Dáúdà ló di ẹsẹ̀ àkàbà náà mú.

"Mo ti rí ohun tó ń mu omi jíìpù," Làtífù wí láti òkè. "Èmi ni."

Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó. Torí pé ó rí i, kò já pátákó náà, àmọ́ ó ti ọwọ́ bọ agolo ọ̀dà dúdú tó gbé gùn òkè, ó fi pa ìlà kejì rẹ́, OMI RÉDÍÉTỌ̀, Ọ̀FẸ́ NI, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn. Nígbà tó ń sọ̀kalẹ̀, omi wà lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, Adéṣínà dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù. Kí Làtífù tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kẹ́ẹ̀gì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Omi wà ní ìlà ìsàlẹ̀, jẹ́jẹ́. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀. Ọdún mọ́kànlélógójì ló ti ń rọ omi sínú lọ́rì bàbá rẹ̀, láti inú ọkọ̀ kan bọ́ sí òmíràn, lọ́rì náà ò sì kúrò ní Ìtòíkín. Ó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé.

"Ẹ máa lọ, ọ̀gá mi. Omi ẹ̀ pé."

Ó dúró sójú kan títí jíìpù náà fi ṣẹ́ kọ́nà. Nígbà tí kò rí i mọ́, ó gbé kẹ́ẹ̀gì sẹ́nu fúnra rẹ̀, ó mu ún títí omi fi ń dà sí i láyà.