Ohun Tójú Ọkọ Mi Rí

Iṣẹ́ ọkọ mi ni kíka ẹyẹ. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń kà á fún ọ́fíìsì igbó, nínú igbó kan tí wọ́n ti gé kélekèle, oko níhìn-ín, igi díẹ̀ lọ́hùn-ún. Tí mo bá pè é láti ilé ìdáná, ó di ẹ̀ẹ̀kẹta kó tó dáhùn, ṣùgbọ́n kí ẹyẹ kan sáà dún lẹ́yìn ilé, á ti dárúkọ ẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ohun tójú ẹ̀ ò bá rí, kò ní kọ ọ́ sílẹ̀ láéláé. Ohun tó fetí gbọ́ lásán ò tó.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn agégi fẹ́ gé igi ńlá kan tó dá dúró láàárín oko, èyí táwọn ẹyẹ fi ń sinmi tí wọ́n bá ń ti igbó kan bọ́ sí èkejì. Ọ́fíìsì ní kí wọ́n gé e, àfi tí ẹyẹ bá ń sàba nínú ẹ̀. Àgbìgbò wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, tí abo àgbìgbò bá fẹ́ yé, inú ihò igi ló ń wọ̀, á fi ẹrẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà mọ́ra ẹ̀, á wá ku ihò tóóró tí akọ á máa gbà fún un lóúnjẹ.

Akọ nìkan ni ọkọ mi rí, ló bá kọ ẹyọ kan, bẹ́ẹ̀ ẹyẹ kan ṣoṣo ò lè dá igi dúró.

"Ta wá ni akọ ń gbé èso lọ fún?" ni mo bi í.

"Ìyàwó ẹ̀."

"Ẹ kọ méjì nígbà náà."

"Mi ò rí i."

Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tójú mi ń rí lọ́wọ́ ọkùnrin yìí. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó kàn ń gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsùlù ni. Láàárọ̀ ọjọ́ tí agégi máa dé, mo gbé àpótí ìdáná mi, mo lọ jókòó sídìí igi náà. Òun náà bá tẹ̀ lé mi. Agégi ń bu epo sínú ẹ̀rọ lọ́wọ́ nígbà tí akọ gbé èso dé. Àgógó ẹnu kan yọ látinú ihò, ó gbà á, ó wọlé padà. Agégi gbé ẹ̀rọ ẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹnìkan mà ń gbé ilé yìí," ló wí.

Mo na pẹ́ńsùlù sí ọkọ mi. Ó kọ ọ́: akọ, ẹyọ kan, ẹnu abo, ẹyọ kan. Ẹnu, ẹ̀yin èèyàn. Ó ní ẹnu nìkan lòun rí.

Ọ́fíìsì ní kí wọ́n fi igi sílẹ̀ títí di ọjọ́ tí abo máa jáde, kí ọkọ mi kọ ọjọ́ náà ránṣẹ́. Ìyẹn ni pé òun ló máa fọwọ́ ara ẹ̀ fi igi náà lé wọn lọ́wọ́. Oúnjẹ ò lọ lẹ́nu ẹ̀ mọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó wọlé, ẹrẹ̀ gbígbẹ wà lára fìlà ẹ̀.

"Ó ti jáde?" ni mo bi í.

Ó lọ fọwọ́. Bó ṣe ń nù ún, ó ní: "Mo gbọ́ ìró ìyẹ́ wọn. Mẹ́ta ni wọ́n, ọmọ wà láàárín. Ṣùgbọ́n mo ti dijú kí wọ́n tó jáde."

Mo gbé fọ́ọ̀mù ọ́fíìsì síwájú ẹ̀.

"Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ rí," ni mo wí.