Tíì Sààrì Ìyá Mi

Èmi ni mo ń po tíì sààrì ìyá mi lóṣù ààwẹ̀ tó kọjá, mo sì ń pò ó dáadáa. Mílíìkì á ki, búrẹ́dì á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, màá wá gbé hóró oògùn wọn tín-ń-tín sétí àwo, pẹ̀lú oògùn ẹ̀jẹ̀ tí mo fọwọ́ ara mi rà ní Ẹ̀gbẹ́dá. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń gbé mì pọ̀ kí ìpè àsùbáà tó dún. Inú mi á máa dùn pé mò ń tọ́jú ìyá.

Wọ́n ti gé gẹ̀gẹ̀ kúrò lọ́rùn ìyá mi láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Hóró oògùn yẹn ló ń ṣe iṣẹ́ ohun tí wọ́n gé, títí ayé ni wọn ó sì máa lò ó. Nílé ìwòsàn, wọ́n kọ́ wa pé tí ìyá mi bá ti jí, kí wọ́n fi omi lásán lò ó, kí wọ́n dúró fún wákàtí kan kí wọ́n tó jẹun. Mílíìkì àti oògùn ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ fi wákàtí mẹ́rin jìnnà sí i. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é, àfìgbà tí ààwẹ̀ dé. Mo ní ta ló fẹ́ máa jí ní aago mẹ́ta nítorí hóró kan ṣoṣo? Abèèrè kì í ṣìnà, mi ò bi ẹnì kankan. Nígbà tí ààwẹ̀ sì parí, tíì yẹn ti mọ́ wa lára, a ò padà sí omi lásán mọ́.

Aránṣọ ni ìyá mi, Akówọnjọ ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà. Nígbà tó ṣe, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọ súẹ́tà nínú oòrùn. Ojú wọn wú, ohùn wọn ki. Lọ́jọ́ kan, wọ́n rán apá méjèèjì bùbá oníbàárà kan sódì, wọ́n wá jókòó tì í, wọ́n ń wò ó. Ẹnu mi ti mú láti kékeré, mo mọ̀.

"Ẹ̀yin náà, ẹ gbìyànjú jàre," mo jágbe mọ́ wọn. "Oorun ni ṣá lójoojúmọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí dòní.

Ọjọ́ tí wọ́n ṣìnà láti ṣọ́ọ̀bù sílé ni ẹ̀rù tó bà mí. Mo mú wọn lọ sílé ìwòsàn, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀. Dókítà ọ̀dọ́mọbìnrin kan ló wo èsì rẹ̀ nígbà tí a padà lọ.

"Màmá, oògùn yín ò ràn yín mọ́. Kí lẹ fi ń lò ó?"

"Omi ni," ìyá mi dáhùn. "Omi lásán."

Mo wò wọ́n. Wọn ò wò mí.

"Ẹ ò lò ó pẹ̀lú oúnjẹ?"

"Rárá o, dókítà."

"Á jẹ́ pé ó ti kéré fún yín nìyẹn. A máa fi kún un."

Ó mú bírò. Tí mo bá sọ̀rọ̀, ìyá mi di òpùrọ́ lójú ọmọdé, èmi náà á di ọmọ tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ ba ìyá rẹ̀ jẹ́. Tí mo bá dákẹ́, wọ́n á máa gbé oògùn tó pọ̀ jù mì. Bírò ti ń lọ lórí ìwé.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́," mo ní. "Tíì onímílíìkì ni mo fi ń fún wọn, pẹ̀lú oògùn ẹ̀jẹ̀. Èmi ni."

Dókítà ò bú mi. Ó ní ká ní òun fi kún un ni, tí a bá wá fi mílíìkì sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, àyà wọn ì bá máa lù kìkì, ewu ńlá sì ni fún àgbàlagbà. Ó ní ká padà sí omi lásán, iye ti tẹ́lẹ̀ ni kí wọ́n máa lò, ká wá gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Tí ààwẹ̀ bá tún ń bọ̀, ká kọ́kọ́ wá rí òun, a óò jọ yan àkókò tó dáa.

Ní Abúlé Ẹ̀gbá, níbi tí a ti ń dúró de mọ́tò, mi ò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Màámi, kí ló dé tẹ́ ẹ purọ́?"

Wọ́n fa súẹ́tà wọn mọ́ra. "Ṣé kí n wá jókòó síwájú dókítà kí n máa fi ọ́ sùn ni?"

"Ẹ ti gbàgbé ohun tí wọ́n sọ fún wa ni, àbí?"

"Mo rántí. Látọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti rántí," wọ́n ní. "Ṣùgbọ́n inú ẹ ń dùn."